Agboòrùn Bàbá Ẹ-Má-Lù-Ú

Adúmáadán ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlú ńlá, mo sì kí ọ kú ìtìjú tí mo kó bá ọ níwájú àwọn ọ̀gá rẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilẹ̀ tí ò ń tẹ̀ yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àpótí onírin tó ń gbé yín lọ sókè ilé-iṣẹ́ yín, bí o ṣe ń bá a gòkè láàárọ̀ ni kí o máa bá a sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí okùn rẹ̀ má já. O ti sọ fún mi rí pé okùn náà ju ẹyọ kan lọ, ìdí nìyẹn tí èmi náà fi ń gba àdúrà yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́.

Àlàáfíà ni a wà nílé, bí a bá yọ ti ojú ìyá rẹ kúrò. Àwọ̀ funfun tó bo ẹyinjú rẹ̀ ti nípọn sí i. Láàárọ̀ àná ó kí ẹ̀wù mi tí mo sá sórí okùn, ó rò pé ìyàwó àbúrò mi télọ̀ ni, nígbà tí kò sì dáhùn, ó bínú títí di ọ̀sán pé kí ni òun fi ṣe obìnrin náà. Iyọ̀ ló ń bù sí tíì mi báyìí. Mo ń mu ún bẹ́ẹ̀, n kò sọ̀rọ̀, nítorí bí mo bá sọ̀rọ̀ yóò mọ̀ bí ojú náà ti bàjẹ́ tó, mi ò sì fẹ́ kó mọ̀ kí dókítà tó ráyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó pé ṣé iyọ̀ lójoojúmọ́ kò ní ba kíndìnrín mi jẹ́. Béèrè fún mi lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀, má sọ pé èmi ni.

Mo ti lọ sí báńkì pẹ̀lú, nítorí nọ́ńbà àpamọ́ owó mi tí o ní kí n fún ilé-iṣẹ́ yín. Láti ìgbà tí mo ti fún wọn ni ọkàn mi kò ti balẹ̀, torí ẹni tó bá mọ nọ́ńbà ilé èèyàn, ṣé kò lè wá kan ilẹ̀kùn ni? Mo bẹ ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì pé kó jọ̀ọ́ kó fi owó mi hàn mí, mi ò fẹ́ gbà á, kí n ṣáà rí i. Ó tẹ nǹkan, ó yí tẹlifíṣọ̀n kékeré rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó ní owó náà nìyí. Òǹkà lásán ni mo rí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì padà lọ lọ́jọ́ kejì láti wò ó bóyá òǹkà náà ṣì wà níbẹ̀. Ó ti ń pè mí ní bàbá òun báyìí, ó máa ń bi mí léèrè ojú ìyá rẹ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo torí rẹ̀ mú bírò. Mo ti ka ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Lẹ́yìn tí mo kà á, mo tún ní kí àbúrò mi télọ̀ kà á fún mi sókè, bóyá yóò dùn díẹ̀ sí i lẹ́nu tirẹ̀, kò dùn. O ní ọ̀gá rẹ fẹ́ gbọ́ tẹnu mi kí oṣù tó parí, bóyá kí wọ́n ta agboòrùn náà tàbí kí n wá gbé e lọ sílé. O ní kí n fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fèsì, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀, n kò lè tún fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo parí rẹ̀. Ìwọ mọ ìtàn náà láti kékeré, ṣùgbọ́n èmi yóò tún un kọ síbí, kí o lè fún ọ̀gá rẹ kà, kó má baà rò pé arúgbó tí orí rẹ̀ ti ń yí ló bí ọ.

Nígbà tí àwọn àjòjì ṣì ń ṣe ìjọba lé wa lórí, tí mo wà ní ilé-ìwé girama, bàbá kan wà tó ń rìn láti ìlú dé ìlú, tó ń sọ fún àwọn èèyàn pé òmìnira yóò dé láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ òkúta. Kò sí nǹkan lọ́wọ́ wọn ju agboòrùn dúdú kan lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, gbogbo wa jókòó pẹrẹsẹ sójú títì níwájú ọ́fíìsì owó-orí, a ò bú ẹnikẹ́ni, a ò ju nǹkan kan. Àwọn ọlọ́pàá fi kóńdó bò wá. Nínú rúkèrúdò yẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn ọlọ́pàá náà fẹsẹ̀ kọ, ó ṣubú sáàárín wa, fìlà rẹ̀ fò lọ. Inú ti ń bí àwọn èèyàn, ọwọ́ ti gbéra. Bàbá náà yọ sí i, wọ́n ṣí agboòrùn bo ọ̀dọ́ ọlọ́pàá náà mọ́lẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ má lù ú." Wọn ò pariwo, bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nínú yàrá ni wọ́n sọ ọ́. Ọlọ́pàá mìíràn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò mọ̀ pé ẹlẹgbẹ́ òun ló wà lábẹ́ ibẹ̀, ó sọ kóńdó rẹ̀ lu agboòrùn náà, aṣọ rẹ̀ ya láti òkè dé etí. Ọjọ́ náà ni gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní Bàbá Ẹ-Má-Lù-Ú. Ẹnì kan ya fọ́tò wọn pẹ̀lú agboòrùn yíya náà, òun ló wà nínú ìwé ìtàn tí ẹ kà nílé-ìwé.

Ilé wa ni wọ́n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú ọ̀run dára, wọ́n gbé agboòrùn náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn wa, wọ́n sì sọ fún ìyá mi pé, "Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀, mo ń bọ̀ wá gbà á." Kí wọ́n tó dé ìlú kejì ni ìjọba mú wọn. Inú ẹ̀wọ̀n ni wọ́n kú sí, wọn ò rí àsíá wa nígbà tó gòkè.

Ṣé o rí i, wọn ò sọ pé kí ìyá mi máa lò ó. Wọn ò sọ pé àwọn fi ta á lọ́rẹ. Tọ́jú ni wọ́n sọ. Ìyá mi, ìyá àgbà rẹ, sì gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo rí wọn pẹ̀lú ojú mi méjèèjì tí wọ́n da abọ́ ìfọṣọ borí nínú òjò tó le, tí wọ́n sáré lọ sọ́jà, agboòrùn gidi sì dúró gbẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọdọọdún ni a máa ń ṣí i sínú oòrùn, tí a ń fi òróró pa irin rẹ̀ kó má dípẹtà. Nígbà tí ìyá àgbà ń kú lọ, wọn ò bá mi sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ti ilé, wọ́n kàn ní àlejò wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí n má jẹ́ kó rí ìyà. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí télọ̀ bá wa rán ojú ibi tó ya. Mo rò ó pé bí ẹni tó ni ín bá dé tó sì bá a ní yíya bó ṣe fi í sílẹ̀, yóò ní irú ìtọ́jú wo nìyí.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi dà bó ṣe dà lọ́jọ́ tí ọ̀gá yín wá wò ó. O ò sí níbẹ̀, ìwọ ìbá rẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ìyá rẹ sì fa ẹ̀wù mi, ó ń bi mí wúyẹ́wúyẹ́ pé ta ló fẹ́ bímọ. A fún un ní omi pé kó fọ ọwọ́, ó kọ̀. Ó ṣí agboòrùn náà bí ẹni ń ṣí ojú ọmọ tuntun, ó ń yí i, ó ń yí i, ó ní ihò dà? Àbúrò mi télọ̀ ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń retí ìyìn, ó ní òun rán an débi pé iṣẹ́ òun ò hàn. Ọ̀gá yín jókòó láìsí ẹni tó fún un ní àga. Ó ní ihò náà gan-an ló níye lórí. Télọ̀ ní bó bá jẹ́ ihò nìyẹn, òun á mú sáàsì òun, òun á la á padà síbi tó wà gan-an, òun ò sì ní gbowó ìlà, owó rírán nìkan tí mo jẹ òun tẹ́lẹ̀ ni kí n san. Ọkùnrin náà gbá agboòrùn mọ́ àyà bí ẹni tí olè fẹ́ jà lólè. Lẹ́yìn náà ló yọ gíláàsì kan tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó wo ojú rírán náà pẹ́, inú rẹ̀ rọ̀, ó ní àwọn kan á fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ náà.

Ó wá mú fọ́ọ̀mù jáde. O mọ̀ pé mo bẹ̀rù fọ́ọ̀mù, torí kì í fún èèyàn láyè tó fẹ̀ láti sọ òtítọ́. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó ni ín, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Wọn kò sí nílé." N kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ohun tí èèyàn ń sọ nìyẹn bí a bá béèrè bàbá tó ti jáde. Ọ̀gá yín kà á, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní kí n ṣáà fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń tà á. Mo rántí owó tí dókítà ń béèrè lórí ojú ìyá rẹ, mo fọwọ́ sí i. Nítorí ojú náà ni, kì í ṣe nítorí ohun mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ìwọ náà ṣe torí rẹ̀ sọ̀rọ̀ agboòrùn náà níbi iṣẹ́.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lọ ni ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ti ṣófo. Ìyá rẹ tí kò ríran ṣì ń yà fún un bó bá ń gbálẹ̀.

Ó wá ku ọjọ́ títà. O ní a óò rí gbogbo rẹ̀ lórí fóònù. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni a lọ torí ibẹ̀ ni fóònù ti máa ń gbọ́ràn, a gbé e ti áyọ́ọ̀nù lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo wọ aṣọ tí mo fi lọ síbi ìgbéyàwó rẹ, torí n kò mọ iye àwọn èèyàn ńláńlá tí yóò máa wò mí. Ìyá rẹ kí gbogbo èèyàn tó wà nínú gbọ̀ngàn títà náà lápapọ̀, ó bi wọ́n léèrè ọmọ, kò sẹ́ni tó dáhùn, mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n wà. Mo rí i pé abẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ olúkúlùkù wọn. Àánú wọn ṣe mí. Mo sọ fún télọ̀ pé ilé-iṣẹ́ tó ní iná tó tó báyìí, tí kò lè ra fáànù fún àlejò, kí ni wọ́n ń fi owó ṣe? Ó ní nọ́ńbà wà lára abẹ̀bẹ̀ náà. Mo ní kí wọ́n má baà jí i lọ ni. Mo rí ọkùnrin tó dúró lórí pẹpẹ pẹ̀lú òòlù kékeré, mo rò pé kápíńtà ni, pé àga kan ló yẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n dákẹ́ kó lè kàn án.

Wọ́n mú aago ògiri kan jáde, àwọn èèyàn ń gbé abẹ̀bẹ̀ sókè, kápíńtà sì gbá tábìlì, gbà! Mo ta gìrì. Mo bi ọ́ nínú fóònù pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí aago náà. Ìwọ náà fi ohùn jẹ́jẹ́ dá mi lóhùn pé, "Wọ́n ti lù ú ní gbàǹjo nìyẹn, Bàbá."

Mo ti mọ gbólóhùn yẹn láti ìgbà tí mo ti mọ èdè wa. Ẹni tó jẹ gbèsè tí wọ́n lu ilé rẹ̀ ní gbàǹjo, mọ́tò ìjọba tó ti gbó tí wọ́n lù ní gbàǹjo, ẹnu mi ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà, n kò sì gbọ́ lílù tó wà nínú rẹ̀ rí. Ọjọ́ náà ni mo gbọ́ ọ. Mo ń rò ó pé kí wọ́n ṣáà má fi òòlù yẹn kan tiwa.

Wọ́n gbé agboòrùn náà jáde nínú àpótí gíláàsì. Ìyá rẹ béèrè bóyá ara rẹ̀ le. Abẹ̀bẹ̀ gòkè, abẹ̀bẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó wá ku ọkùnrin oníkùn ńlá níwájú, tí o ní ó fẹ́ gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀, àti obìnrin àgbàlagbà kan lẹ́yìn. Obìnrin náà ń pẹ́ kó tó gbé tirẹ̀ sókè. Nígbà tó yá kò gbé e mọ́. Kápíńtà gbé òòlù sókè, ó ní òun fẹ́ lù ú o, ó ní ẹ̀ẹ̀kan, ó ní ẹ̀ẹ̀kejì.

N kò gbèrò rẹ̀, ọmọ mi. Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó mọ̀. "Ẹ má lù ú."

Ìwọ wà nínú gbọ̀ngàn, o mọ bí fóònù rẹ ti gbé e sókè tó. Ohun tí èmi rí ni pé gbogbo orí yí sọ́dọ̀ mi, lẹ́yìn náà mo rí àwọn fìtílà òkè nìkan, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ di òkùnkùn, torí o ti dojú fóònù dé. Ṣùgbọ́n kí ó tó di òkùnkùn, mo rí obìnrin àgbàlagbà yẹn tó dìde dúró, mo sì gbọ́ tó tún un sọ lẹ́yìn mi. Mo rí kápíńtà náà tó rọra fi òòlù lélẹ̀ láìjẹ́ kó dún. Ní ṣọ́ọ̀bù níbí, mo gbé fóònù kúrò lára áyọ́ọ̀nù. Télọ̀ ń wo ilẹ̀. Ìyá rẹ ní ṣé wọ́n ti tà á ni, mo ní rárá, ó ní ó dáa, kò bi mí léèrè ojú ara rẹ̀ o. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Wàyí o, o sọ nínú ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ pé ọ̀gá yín kò lé ọ, mo dúpẹ́, mo gbé orúkọ rẹ̀ sínú àdúrà mi. O tún sọ nísàlẹ̀ pátápátá, bí ẹni pé kò ṣe pàtàkì, pé obìnrin náà fi àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀, pé ọlọ́pàá tó ṣubú lọ́jọ́ náà ni bàbá rẹ̀. Ó ní bàbá òun kò sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí tó fi kú, àfi pé òun dùbúlẹ̀ lábẹ́ agboòrùn kan rí, ó sì ṣókùnkùn níbẹ̀, ó sì dákẹ́. Ó ní owó òun ò tó ti onílé òtẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n òun lè gbọ́ gbogbo ìnáwó ojú ìyá rẹ bí a bá gbà.

Mo ti rò ó títí orí fi ń fọ́ mi, iyọ̀ inú tíì sì lè wà nínú rẹ̀. Agboòrùn náà kì í ṣe tiwa láti tà. Kì í ṣe ti ìjọba, kì í ṣe ti òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ni ín kò sí nílé. Ṣùgbọ́n a ti darúgbó, ojú ìyá rẹ ń lọ, ilé wa ti ń jò lẹ́yìn ilẹ̀kùn gan-an, mo sì ń bẹ̀rù pé bí mo bá kú, ẹnì kan á fi lọ sọ́jà lọ́jọ́ òjò. Ẹlòmíràn ní láti gba ìtọ́jú náà. Láyé yìí, èèyàn kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ agboòrùn yẹn pẹ̀lú ẹni tó ni ín, ọmọ ẹni náà sì nìyí.

Nítorí náà, èsì mi fún ọ̀gá yín ni èyí: kí wọ́n má lù ú. Kí wọ́n fi lé obìnrin náà lọ́wọ́ láìsí òòlù, kí ilé-iṣẹ́ gba ẹ̀tọ́ tiwọn lórí rẹ̀, mi ò bá wọn jà. Kí fọ́ọ̀mù mi tẹ̀ lé e lọ bó ṣe wà, kí ẹnikẹ́ni má pa ohun tí mo kọ síbẹ̀ rẹ́. Kí obìnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé òun ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni. Mo kọ́kọ́ rò pé bí a bá gba ìrànlọ́wọ́ rẹ̀, ṣé a kò tà á náà nìyẹn? Ṣùgbọ́n àwa ti tọ́jú agboòrùn fún wọn láti ìgbà èwe mi, bí agboòrùn náà bá wá tọ́jú ojú ìyá rẹ, èdè wa fúnra rẹ̀ ló sọ pé ohun kan náà ni wọ́n.

Ní ti ìnáwó tiwa nílé, bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́, bí kò bá sí, fi èyí tó kéré ju ìyẹn lọ ránṣẹ́. Páànù tó wà lókè ilẹ̀kùn ló ń jò, télọ̀ sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi lọ́nà tí ẹni tó ń béèrè owó rírán ń gbà kí èèyàn. Má fi gba inú fóònù. Fóònù mi ti ń gbóná lásán, mo sì ń bẹ̀rù iná. Fi gba ọwọ́ ọmọbìnrin báńkì, yóò fi hàn mí.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ. Kí ọwọ́ ìkà má gbéra sí ọ, bó bá sì gbéra, kí ẹni rere wà nítòsí tí yóò da nǹkan bò ọ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ti kí ọ tẹ́lẹ̀ láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n àga ló kí.

Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ àdírẹ́sì obìnrin náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn wa, ní ìsàlẹ̀ ibi tí agboòrùn máa ń dúró sí. Mo kọ ọ́ gàdàgbà, kí ẹni tó ni ín lè rí i kà bí wọ́n bá dé tí wọn ò bá wa nílé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.